Ọyẹ́ Kò Dé Grimsby

Aago méjì òru ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá.
Dórìn tún ti jí, ó ń fi ṣíbí lu ife
bí ẹni pé èmi nìkan ló bí.
Mo wọlé. Ó ní, "Kí lò ń kà báyìí?"
Kò béèrè bóyá mo jẹun, kò béèrè bóyá ó rẹ̀ mí.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún,
ìwé ni ìkíni tirẹ̀.

Mo yọ ọ́ nínú àpò aṣọ iṣẹ́, ojú tì mí díẹ̀:
ìwé òfin ojú ọ̀nà ni, ìdánwò ìwakọ̀ ni mo fẹ́ ṣe,
mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì.
"Kà á sókè," ó ní. Mo kà á:
bí yìnyín bá bo títì, ọkọ̀ tó yẹ kó dúró níhìn-ín
lè sáré ìlọ́po mẹ́wàá kó tó rántí pé wọ́n ti tẹ bíréèkì.
Dórìn rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá fi mì.
"Ọkọ mi gan-an nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo máa ń pè é."

Tirẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí: ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, lẹ́tà inú rẹ̀ tóbi bí ẹ̀wà,
òkú kan nínú ilé etíkun, ènìyàn méje, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan.
Ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti mọ apànìyàn kó tó mọ òkú.
Ó ní lọ́jọ́ orí òun, ẹni tó bá fi ìparí sílẹ̀ dìgbà tó bá yá
ń yá ohun tí kò ní san ni.

Rájì tó ń nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi ọ̀pá ti ògiri,
ó ní ìwé oyin lòun ń kà,
bí wọ́n ṣe ń rọ̀gbà yí ayaba wọn ká nígbà òtútù,
tí gbogbo wọn á máa gbọ̀n kí ilé lè móoru.
"Bíi tiwa lẹ́nu iṣẹ́ òru," ó ní.
Oṣù Kẹfà ló wù ú jù, nígbà tí oòrùn Ìlú Ọba
kì í fẹ́ lọ sùn, bí ọmọ tí àlejò wá sílé wọn;
aago mẹ́wàá alẹ́, ó ṣì ń rí èpò tu nínú ọgbà.

"Ìwọ ńkọ́?" Dórìn kọjú sí mi.
Mo ní ìdáhùn kan tí mo máa ń fún òyìnbó:
ìgbà ooru. Wọ́n á mi orí, ọ̀rọ̀ tán.
Ṣùgbọ́n òru ò gba irọ́ tó bẹ́ẹ̀.
Mo ní ọyẹ́ ni.
Kò lórúkọ lẹ́nu wọn, mo bá ń wá a káàkiri:
kì í ṣe òjò, kì í ṣe yìnyín,
afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni, tó kó eruku aṣálẹ̀ wá láìsanwó ọkọ̀.
A ó jí ní Ṣakí, òkè ti sọnù.
Ètè á là, gìgísẹ̀ á là, pákó ilẹ̀kùn náà á là,
ìyá mi á fi òrí pa wá lójú títí a ó fi máa dán bí àwo.
Ẹ̀gbẹ́ iná la ti ń kàwé kí ilẹ̀ tó mọ́,
ewé ìwé á ká kóńkó bí ewé igi,
n kò mọ èwo ni ìwé, n kò mọ èwo ni ewé.

Dórìn dákẹ́. Mo rò pé ó ti sùn.
Ó ní, "Kùrukùru ni tìrẹ náà."
Oṣù Kọkànlá ni tirẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í yàn:
ewé ti wọ́ tán, kùrukùru bo èbúté,
fèrè ojú omi ń ké bíi màlúù tí ọmọ rẹ̀ sọnù,
ọkọ̀ ẹja kò lè jáde.
Ọkọ rẹ̀ á wà nílé, ọjọ́ mẹ́ta, nígbà mìíràn márùn-ún,
á máa dí ọ̀nà, á máa kùn, á máa rùn bí okùn tó mumi,
á máa béèrè ohun tí ìyàwó òun ń kà.
"Ìgbà yẹn nìkan ló máa ń béèrè."

N kò béèrè ọdún tí kùrukùru ò wá.

Mo ka ojú ìwé mẹ́rin fún un, ẹ̀yìn sí iwájú,
bó ṣe fẹ́ ẹ. Òkú náà ń jí bọ̀ díẹ̀díẹ̀.
Kó tó dìde jókòó, Dórìn ti ń hanrun.
Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì há ibi tí a dé.
Ìdí ọkọ̀ ni mo ti rántí pé ti àlọ-àbọ̀ ni.
Mo fẹsẹ̀ rìn gba ẹ̀gbẹ́ èbúté lọ sílé,
mo fi ahọ́n kan ètè mi.
Ó ti là.