Ìwé Tí Kò Lórúkọ

Wọ́n ti ha orúkọ kúrò lára ìwé náà
kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí mi ní Àgọ́-Ìwòyè:
ojú ewé mọ́kànlélógún lórí gàrí kíkan.
Kí n yẹ̀ ẹ́ wò, kí n má ṣojúsàájú.

Iná lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì.
Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rà ní Òkè-Àgbò,
tó lo ọjọ́ márùn-ún nínú àpò, “géérégé”.
Géérégé!
Ta ló tún ń sọ bẹ́ẹ̀
bí kò ṣe Ọ̀gá Ọnàfowókàn,
tó dá iṣẹ́ mi padà lẹ́ẹ̀mẹta:
“Tún un kà. Òǹkà kì í mojú.”

Àtẹ kẹrin kò jọra:
àpò mẹ́jọ lókè, méje nísàlẹ̀.
Mo gbé kálámù, mo gbé e sílẹ̀.
Àkùkọ ilé kejì ti kọ
kí n tó kọ ọ́ síbẹ̀, láìfọwọ́ sí i:
Ẹ tún un kà. Òǹkà kì í mojú.