Èéjí Inú Òkúta

Ní Changchun, yìnyín ti di ojú fèrèsé pa.
Ruolan wọ ìbọ̀wọ́, ó tẹjú mọ́ ìyẹ̀fun kan
tó kúnná ju lẹ́búlẹ́bú lọ.
Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ a máa ní: "Jẹ́ kó pé, kó má lábàwọ́n."
Ó pé lóòótọ́.
Ó sì ń wò ó bí òkúta.

Òun ló fi iná yan án lóru ọjọ́ kan,
tó yọ ọ́síjìn díẹ̀díẹ̀ kúrò lára rẹ̀
bí ẹni pa èéjí fún omidan.
Ojú àlàfo yẹn ni ìyẹ̀fun ti kọ́ ẹ̀rín.

Lónìí, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, nọ́ńbà mọ́kànlélógójì,
awakọ̀ ojú irin tí ara rẹ̀ ṣì le koko.
Ó kán an sí i. Ó pa iná yàrá.
Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ,
bí ojú ológbò lábẹ́ tábìlì.

Kò hó ìhó ayọ̀.
Ìmọ́lẹ̀ tó fi ọdún mẹ́ta wá,
ẹ̀dọ̀ ẹlòmíì ló ń sunkún nínú rẹ̀.
Ti bàbá rẹ̀, ojú ti pọ́n kí wọ́n tó rí i.

Ó gbé fóònù.
"Ẹ pè é. Ó ṣì kéré, ó ṣì ń gbọ́ oògùn.
Ẹ ní kó rọra máa bọ̀ o,
ilẹ̀ ń yọ̀."