Bàbá Mi Tọ́ Wáìnì Tí Kò Lọ́tí Wò

Ọ̀sán Sátidé ni, l'Éfọ̀n.
Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ìkùukùu ṣì jókòó sórí òkè
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde.
Mo gbé ìgò kalẹ̀ níwájú bàbá mi,
Fágbuàró, adẹ́mu ogójì ọdún,
ẹni tí ahọ́n rẹ̀ máa ń dárúkọ ọ̀pẹ tí ẹmu ti wá:
"Èyí ti etí odò wá, omi pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.
Èyí ti ẹ̀bá àpáta, ìyà jẹ ẹ́ kó tó dùn."

Dókítà l'Ádó ti ní kò gbọdọ̀ kan ọtí mọ́.
Ọdún kẹta rèé tí igbà rẹ̀ ti rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn;
alángbá ti sọ ọ́ di àkàsọ̀.

"Èló ni?"
Mo bu owó náà sí méjì, mo pe ìdajì fún un,
ó ṣì pòṣé. "Owó àpò sìmẹ́ǹtì!"
Ó so jígí mọ́ etí pẹ̀lú òwú dúdú,
ó ní kí n ka ara ìgò fún òun.
Mo ní, "Wọ́n ní àwọn ti yọ ọtí inú rẹ̀ kúrò."
"Wọ́n yọ ọ́?
Ta ló wá mu èyí tí wọ́n yọ?"

Mo ṣí i. Ó dẹ etí sí ẹnu ìgò.
"Kò fọhùn. Ẹmu a máa fọhùn,
a máa hó, a máa kùn bí oyin inú ihò igi."
Ó gbé ife sókè síhà fèrèsé:
kì í ṣe pupa epo,
kì í ṣe pupa osùn,
pupa inú obì àbàtà ni,
tàbí ti omi ìṣápá tó sùn mọ́jú nínú ìkòkò.

Imú ló kọ́kọ́ fi mu ún.
Ó pẹ́ níbẹ̀.
"Àgbálùmọ̀ tó já lálẹ́ àná.
Ewé kòkó tí òjò pa.
Àti…" ó dákẹ́, ó tún gbóòórùn rẹ̀,
"àti àpótí igi tí ìyá mi ń kó aṣọ ìsìnkú ara rẹ̀ sí."

Lẹ́yìn náà ló tó fi ahọ́n kàn án.
Kò gbé e mì. Ó ń yí i kiri ẹnu
bí ẹni ń wá kọ́bọ̀ tó bọ́ nínú yàrá dúdú.
Ó kan díẹ̀. Ó korò díẹ̀.
Ó di èrìgì mú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n.
Ó wá gbé e mì,
ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó ń retí ooru,
bí ẹni dúró de ọkọ̀
níbi tí ọkọ̀ kì í gbà mọ́.

Ooru kò dé.

"Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́," ló wí.
"Kò fi ṣúgà tàn mí jẹ. Mo gba tirẹ̀.
Àmọ́ ulé tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní ni,
onílé ló rìnrìn àjò."
Ulé ló pè é, bí a ti ń pè é lójúlé wa.
Mo ní, "Ẹ fún un ní máàkì. Mélòó nínú mẹ́wàá?"
"Mẹ́fà."
Ó bu òmíràn. Ó mu ún tán.
"Ó di méje."

Nígbà náà ló dárúkọ Agúnlóyè,
ẹni tí wọ́n jọ ń gun ọ̀pẹ,
tí igbà já mọ́ nínú ọ̀gbìn òjò.
Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n
n kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí;
bó bá mu ẹmu, orin ló máa ń kọ.
Lónìí ojú rẹ̀ dá, ó sọ ọ́ tán:
irú okùn tó jẹ́, ọwọ́ tó hun ún,
pé ọwọ́ òun ni.
Ó fẹ́ ta wáìnì náà sílẹ̀ fún un,
ó dáwọ́ dúró.
"Agúnlóyè ò ní fojú re wò mí."

Ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ dí ìgò,
ó gbé e sí abẹ́ igbà. Alángbá sá.
Ó ní bí mo bá ń bọ̀ ní Kérésì kí n mú òmíràn dání,
kí n sì bi wọ́n, kí n má gbàgbé,
ibi tí wọ́n ń da èyí tí wọ́n yọ sí.