Dúró-Ńbẹ̀

Lẹ́yìn ilé ìyá mi ní Òkè-Ìjẹ̀bú, ní Àkúrẹ́,
igi ẹlẹ́gùn-ún kan ló fi ṣe ọgbà.
Kò ga tó àgbọn, kò kúrú tó ẹ̀fọ́;
láti ìdí ni ó ti ya ẹ̀ka
bí ẹbí tó jà kí òkú tó tutù.
Ewé rẹ̀ nípọn, ó ń dán,
òdòdó rẹ̀ rí bí osùn tí a fi omi là.
Ewúrẹ́ Bàbá Ajíbẹ́wà wá lẹ́ẹ̀kan, ó ki imú bọ̀ ọ́,
ó fi ẹ̀yìn rìn títí dé ojú títì.
Ìyá mi bá sọ igi náà ní Dúró-Ńbẹ̀.

Èmi ní tèmi, ewé gbígbẹ ni iṣẹ́ mi.
Ní yunifásítì, nínú yàrá tó ń rùn bíi káńfọ̀,
mo ń fi òwú àti gọ́ọ̀mù de òkú ewé mọ́ páálí,
mo ń kọ orúkọ sí ẹsẹ̀ wọn.
Ọdún mọ́kàndínlógún. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè rí
bóyá igi kan wà ní ilé tiwa.

Mo fi ìwé ìròyìn di ẹ̀ka kan lọ́jọ́ Ẹtì,
mo gbé e fún Ọ̀mọ̀wé Fápọ̀hùndà.
Ó gbé awò sójú, ó dákẹ́. Ó dákẹ́ títí iná fi lọ.
Ojú fèrèsé ló ti pè mí:
"Wo ìdí ẹ̀gún yìí. Ṣé o rí tìmùtìmù kékeré, bí ẹ̀gbọ̀n òwú?
Ìdílé kan ṣoṣo ló ń tẹ́ irú rẹ̀ fún ẹ̀gún láti jókòó."
Mo ní, "Orọ́ ni, àbí? Ṣùgbọ́n orọ́ wo ló léwé báyìí?"
Ó na ọ̀bẹ sí mi. "Gé e.
Orọ́ agogo ilé wa, oje funfun ni yóò da, oje tó ń fọ́ni lójú."
Mo gé e. Omi ṣá ló jáde, ó ń yọ̀ bí ilá.
"Wọ́n wọ irú aṣọ kan náà, wọn ò bá ara wọn tan.
Bí o bá ń wá ẹbí èyí nínú ọgbà ìyá rẹ,
má wo orọ́. Wo gbúre."

Gbúre! Èyí tí mo fi jẹ iyán lánàá!

Bùràsíìlì ni ilé rẹ̀, ó ní. Ẹni tó gbé e wá kò kọ ọ́ sílẹ̀.
Àwọn àgbà kan pè é ní Kákítọ́ọ̀sì,
àwọn mìíràn fi í sábẹ́ orúkọ ará Faransé kan
tó ti di erùpẹ̀: Pẹrẹ́síkíà.
Ní ayé tiwa yìí, wọ́n ka àjogúnbá inú ara rẹ̀ bí ẹni ka ìlẹ̀kẹ̀,
wọ́n ní kì í ṣe ọmọ agbo ilé yẹn mọ́,
kí ó kẹ́rù rẹ̀ lọ sí Rodokákítọ́ọ̀sì.
Orúkọ àbísọ nìkan ni kò fi sílẹ̀: Gírándifólíà, Eléwé-Ńlá,
àní ìyẹn náà, ìrù rẹ̀ ń yí bí ilé bá ti yí.

Nínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, a bá ọ̀kan tí wọ́n já ní Ìdànrè
kí a tó bí mi. Mo na èékánná sí orúkọ àtijọ́ ara rẹ̀.
"Rárá o. A kì í ya orúkọ dànù níbí.
Lẹ tuntun sábẹ́ ti àtijọ́, kọ ọjọ́ sí i,
kí ẹni tó ń bọ̀ mọ ibi tí a ti ṣìnà."

Mo rántí ìyá mi:
Dọ́kásì ni ṣọ́ọ̀ṣì pè é;
ní Oǹdó, nílé ọkọ àkọ́fẹ́, Ìyàwó Akíndójútìmí;
níbí, Ìyá Bọ́sẹ̀dé.
Àpá iná wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀, ó wà níbẹ̀ láti Oǹdó.

Ìlà kan kù lára páálí tiwa: orúkọ ìbílẹ̀.
Mo kọ Dúró-Ńbẹ̀.
Ọ̀mọ̀wé bọ́ awò ojú. "Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀?"
"Ìyá mi. Àti ewúrẹ́ kan."
Ó wo páálí, ó wò mí,
ó na gọ́ọ̀mù sí mi.