Ìwé Tí Mo Yá fún Hilda

Kì í ṣe ìwé ni mo wá, kí n má purọ́.
Mo ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan,
ẹsẹ̀ wú nínú bàtà bíi búrẹ́dì tó rì sómi,
bọ́ọ̀sì ku ogójì ìṣẹ́jú,
òjò Spalding ń ṣe wínníwínní
bí ẹni tí kò fẹ́ kí a mọ̀ pé òun ń rọ̀.
Ilé-ìkàwé móoru. Àga wà níbẹ̀.
Kò sí ẹni tó bi mí pé kí ni mo fẹ́ rà.

Obìnrin kan, Gillian, tó fi okùn so awò mọ́ ọrùn,
ló ní, "Ṣé o ní káàdì?"
Àyà mi já.
Nílẹ̀ yìí, bí a bá ti dárúkọ káàdì,
mo ti mọ èyí tó kàn: físà dà,
ìwé owó oṣù dà, ta ló mọ̀ ọ́.
Mo tú báàgì sórí tábìlì,
ìwé owó iná, ìwé owó omi,
lẹ́tà ilé-ìwòsàn tó ti ya sí méjì.
Ẹyọ kan ló wò. Ó ní, "Ó tó."

Ó tẹ Ọmọ́yẹni.
Ó jáde láìní àmì lórí, láìní àmì lábẹ́,
bí ẹni tí iná lé jáde nílé
tí kò rójú wé gèlè, tí kò rántí bàtà.
Síbẹ̀ èmi ni. Mo dá ara mi mọ̀.
Káàdì àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi nílẹ̀ yìí
tí wọn ò kọ ọjọ́ tí màá lọ sílé sí lára.

Mò ń tọ́jú Hilda lóru,
nílé àwọn àgbàlagbà tó kọjú sódò.
Ó ní Hilda ni kí n máa pe òun;
ẹnu mi gbà, inú mi ò gbà.
Ọwọ́ tó fi já òdòdó lóko láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá
kò lè ṣí ojú ewé mọ́.
"Ara mi ò yá," ni yóò wí, "bá mi yá ìwé wá."
Lédè tirẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ni;
etí mi ló so wọ́n pọ̀.

Onílẹ́tà gàdàgbà ló ń fẹ́,
ìtàn apànìyàn, kí ẹ̀jẹ̀ má pọ̀,
kí ọlọ́pàá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọlúàbí.
Èyí tó wù ú jù ò sí ní Spalding.
Gillian tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní ó wà ní Skegness létí òkun.
Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé náà wọ ọkọ̀ káńsù,
ó la oko kábéèjì kọjá, ó sùn ní Boston,
ó dé.
Lọ́dún yẹn, ó rìn ju Hilda lọ.

Mo ń kà á fún un ní aago mẹ́ta òru
pẹ̀lú ahọ́n Iléṣà.
Bí mo bá pe orúkọ ìlú kan bí wọ́n ṣe kọ ọ́,
á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ yóò fi mú un.
Ní ojú ewé ogójì ó ní, "Dókítà yẹn ni."
Mo ní, "Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ á dé ibẹ̀."

A ò dé ibẹ̀.
Orí mẹ́ta ló kù. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì mi ṣì wà láàárín rẹ̀
nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń kó ẹrù sínú páálí,
aṣọ òtútù, bàtà, fọ́tò, ìwé.
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kì í ṣe tiyín. Ti káńsù ni."
Ó wò mí bí ẹni tí mo já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi pẹ́.
Mo ka owó sọ́wọ́ kí n tó wọlé.
Gillian ní wọn kì í gba owó ìtanràn mọ́.
Mo gbé e lé ẹ̀rọ, iná àwọ̀ ewé tàn,
ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: kò sí ohun kankan lọ́wọ́ rẹ.
Mo dúró. Ẹni kan wà lẹ́yìn mi, ó ń húkọ́ díẹ̀díẹ̀.
Mo tún un yá.

Mo kà á tán ní ibùdókọ̀, òjò ń rọ̀ ní gbangba lọ́tẹ̀ yìí.
Dókítà yẹn náà ni.
Hilda ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ojú ewé ogójì,
èmi ni mo ní kí ó dákẹ́.