Èéfín Ọwọ́ Mi

Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná sórí ọkọ̀ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ yìí,
etí omi Ẹ̀pẹ́, kí oòrùn tó wọ̀.
Ẹ̀yin ọmọ Máríìnà, ẹ ní kí n sọ ohun tí mo rí ní Jámánì.
Ilé gogoro lẹ fẹ́ gbọ́. Mi ò ka ilé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ Mùtíátù ní Brẹ́mẹ̀n.
Odò kan la ìlú náà kọjá, Wésà lorúkọ rẹ̀,
ó pọ́n bí omi wa lẹ́yìn òjò Agẹmọ.
Ọmọ mi mú mi lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì olórí méjì ní gbàgede.
Mo wò ó. Ọrùn ro mí.

Lọ́jọ́ Sátidé a wọ rélùwéè jáde sí ìgbèríko.
Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní,
àbàtà lọ́tùn-ún, àbàtà lósì,
omi inú kòtò dúdú bí àgbo tó jinná.
Mo ní, "Mùtíátù, ṣé kì í ṣe ọ̀nà Èjìnrìn la wà yìí?"
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

A dé etí ọ̀sà kan, orúkọ rẹ̀ kò gba ẹnu mi.
Bàbá arúgbó kan ń yan ẹja níbẹ̀,
ẹja tó gùn bí ejò, tó ń dán bí irin.
Èéfín gbá mi nímú,
mo dúró gbagidi.
Ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ni, ní Pópó-Ọba.
Ó ti tó ọdún méjìlélógún tí ó ti kú.

Bàbá náà kò gbọ́ Yorùbá, èmi kò gbọ́ tirẹ̀.
Mo na ìka sí igi ìdáná, ó mú ẹ̀ka kan fún mi gbóòórùn.
Mo fọwọ́ ṣàpèjúwe èèpo àgbọn; ó mi orí,
bóyá ó yé e, bóyá kò yé e.
Ọwọ́ la fi jẹ ẹ́. Òyìnbó, ọwọ́! Kò sí fọ́ọ̀kì.
Nígbà tí a jẹ tán, ó gbé ìgò wá, ó ní kí n tẹ́wọ́,
kí òun da ọtí sí i, kí n fi ṣan òróró ẹja.
Háà! Èmi tí mo ti Mẹ́kà dé!
Mo fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí akàn gé.
Mùtíátù bá a sọ̀rọ̀. Ojú tì í. Ó wọlé,
ó pẹ́ díẹ̀, ó gbé abọ́ omi jáde, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́,
ó fi aṣọ ìnura lé èjìká, ó ń retí mi.
Omi lọ. Èéfín kò lọ.

Ó ti pé oṣù mẹ́rin. Ẹ gbóòórùn ọwọ́ mi wò.
Rafíù ní èéfín Ẹ̀pẹ́ ni,
pé àná ni mo bá ìyàwó òun kó ẹja kúrò lórí ààrò.
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Mi ò jiyàn. Mo kàn ń wo omi.
Bàbá yẹn, mi ò tilẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀.