Ta Ló Bẹ̀ Ọ́ Lọ́wẹ̀?

Àpótí dúdú kan wà lábẹ́ tábìlì mi ní Kuopio,
ó ń kùn bí ológbò tó yó,
ooru ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń yá ẹsẹ̀ mi
nígbà tí yìnyín bá bo adágún mọ́lẹ̀ níta.
Ọdún kẹrìnlá rèé tí a ti jọ ń gbé.

Topias, ọmọ àbúrò mi, ní kí n gbé e jù nù.
Ó ní ayé ti di pẹlẹbẹ,
ayé ti di ohun tí à ń kì bọ àpò.
Mo ní, ìwọ ọmọ yìí,
ohun tó wọ àpò lè jábọ́ nínú àpò.
N kò tíì gbọ́ pé kọ̀ǹpútà orí tábìlì
kó sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sí yìnyín láti fi pẹja.
Tìrẹ ńkọ́?
Ẹ̀ẹ̀mejì.

Ohun tí mo kórìíra rèé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tán nínú mi:
kí n sùn, kí ilẹ̀ mọ́,
kí ẹni tí n kò mọ̀ rí ti wọlé mi lóru,
kó gbé ṣíbí síbi tí àwo wà,
kó ti àwo bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
kó wá kọ ọ́ gàdàgbà síwájú mi pé
A ti tún un ṣe fún ọ.
Ta ló bẹ̀ ọ́ lọ́wẹ̀?
Ọdún méjìlá ni bọ́tìnnì ìtẹ̀wé fi wà lápá òsì,
ìka mi mọ ọ̀nà ibẹ̀
bí ẹsẹ̀ ṣe mọ ọ̀nà ilé-ìgbẹ́ lóru láìtan iná.
Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó di ẹ̀kán mẹ́ta tó tò léra.
Wọ́n ní ó lẹ́wà báyìí.
Ẹwà! Ṣé ẹwà ni mo fẹ́ fi sanwó oṣù àwọn alági?

Ètò ìṣirò nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún,
ti àtijọ́, onílà, onígun,
tó tẹ́ lọ bí oko tí wọ́n fokùn wọ̀n.
Fi mẹ́ta síbí, fi méje sọ́hùn-ún,
kì í béèrè bí ara mi ṣe rí lónìí,
kì í fọ́n bébà aláràbarà lé mi lórí
torí pé mo parí iṣẹ́ mi.
Ó dáhùn: mẹ́wàá.
Ó dákẹ́.
Urho ọkọ mi náà kò sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fọ́dà rẹ̀ ṣì wà lójú ẹ̀rọ, nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí.
Ọkùnrin náà kò mọ fáìlì í sọ lórúkọ:
Lẹ́tà. Lẹ́tà tuntun. Lẹ́tà tuntun gan-an.
Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn.
Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, ìkejì.
Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo ṣí ìkejì yẹn,
ilẹ̀kùn wà ní títì, àyà mi ń já.
Ìwé ẹ̀sùn ni, sí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú,
nípa yìnyín tí katakata wọn ń wọ́ dí ẹnu ọ̀nà wa.
Ìlà mẹ́rin péré.
Ó ní òun àti Railukka ti fi ṣọ́bìrì kó o
títí àtẹ́lẹwọ́ fi bó.
Ìlà pupa wà lábẹ́ orúkọ yẹn.
Ẹ̀rọ ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀,
ó bi mí bóyá kí òun tún un kọ.
Mo ní rárá.
Kò bá mi jiyàn.

Lọ́jọ́ ìbí mi, Topias ra pẹlẹbẹ kan wá,
ó tín-ín-rín bí búrẹ́dì gbígbẹ.
Mo dúpẹ́, mo sì pọ́n kọfí fún un.
Mo ti fi í sábẹ́ ojú ẹ̀rọ mi, ó gbé e sókè díẹ̀,
ọrùn kò dùn mí mọ́.
Wọ́n ní ó yára púpọ̀.